Kéèkì Ẹ̀gẹ́ Kò Fẹ́ Fúláwà

Ẹ̀gẹ́ tí àwa ń rin ṣe gàrí, kéèkì ni àwọn ará Fílípìnì ń fi ṣe. Àwọn ará Indonéṣíà àti Màléṣíà náà ń ṣe é, bingka ubi ni wọ́n ń pè é. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá sọ́dọ̀ wọn, bó ṣe wá sọ́dọ̀ tiwa; àmọ́ àwọn ni wọ́n gbọ́n tí wọ́n pò ó mọ́ wàrà àgbọn àti ṣúgà. Lójú tèmi o, kéèkì ọjọ́ ìbí kò dùn tó o.

Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí àwọn kan wà tí glúténì inú àlìkámà, báálì àti ráì kì í bá lára mu. Bí ẹni tó ní àìsàn celiac bá jẹ búrẹ́dì, ara rẹ̀ á dojú ìjà kọ ìfun òun fúnra rẹ̀, oúnjẹ kò sì ní ṣe é lóore. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Kó jìnnà sí glúténì títí ayé ni ìtọ́jú rẹ̀. Bí búrẹ́dì bá ń dà yín nínú rú, ẹ má sáré pa á tì: ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí bí glúténì bá ti pẹ́ kúrò lára, àyẹ̀wò lè má rí nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀gẹ́ rírin bíi kílò kan, wàrà àgbọn agolo kan, ẹyin méjì, ṣúgà ife kan, iyọ̀ bín-ń-tín. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a nà sórí iná kó lè rọ̀ ni kí ẹ tẹ́ sínú páànù. Òórùn rẹ̀ ni ìdajì adùn náà. Ẹ yan án bíi wákàtí kan, títí àárín rẹ̀ yóò fi dì.

Ibi tí alásè ti ń ṣìnà rè é: “Ẹ jẹ́ n bu fúláwà díẹ̀ sí i, kó lè dì.” Sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ ti tó o. Ṣíbí fúláwà kan péré lè dá alárùn celiac dùbúlẹ̀.

Ẹ̀rọ àdúgbò ńkọ́? Ìyá tó ń lọ láfún fún yín, òun náà ló ń lọ àlìkámà fún àwọn tó ń fi í ro òkèlè nítorí ìtọ̀ ṣúgà, èyí tó bá sì kù nínú ẹ̀rọ lè kó sínú tiyín. Ẹ̀gẹ́ tútù ni kí ẹ rà, kí ẹ rin ín nílé. Èyí tí wọ́n ń sè jẹ ni kó jẹ́. Ẹ fi èyí tó korò sílẹ̀ fún onígàrí, torí sáyánáìdì inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ bó o, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ má sì tọ́ ọ wò ní tútù.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2005, ní Mabini, erékùṣù Bohol ní Fílípìnì, ọmọ iléèwé 27 kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìpápánu ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tí wọ́n yẹ oúnjẹ náà wò, oògùn apakòkòrò ni wọ́n bá níbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú tó jọ ìyẹ̀fun. Ẹ wo ibi ìkóúnjẹsí yín lónìí. Ọ̀rá funfun tí kò lórúkọ lára yẹn, kí ló wà nínú rẹ̀?