Ẹ Má Tíì Fi Oko Kòkó Dógò Nítorí Ẹ̀yìn Dídùn

Àgbẹ̀ kan ní Ìrèlé-Èkìtì ránṣẹ́ sí mi pé láti ìgbà tí òun ti kọ ebè iṣu tán ni ẹ̀yìn ti ń dun òun, tí ìrora náà sì ń ta láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí iná. Àwọn ará ilé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó mu àgbo títí, kò san. Wàyí o, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi oko kòkó dógò fún owó iṣẹ́ abẹ. Àwọn aládùúgbò sì ń dẹ́rù bà á pé ẹni tí abẹ bá kan ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dìde mọ́.

Baba, ẹ fọkàn balẹ̀. Irú ìrora bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí. Láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, ohun kan wà bí tìmùtìmù. Bí ó bá yọ síta, a máa tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Dókítà Mixter àti Dókítà Barr ní Boston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló fi èyí han aráyé ní 1934.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń san láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìfi abẹ kàn án. Oògùn ìrora tí dókítà bá kọ, ìrìn díẹ̀díẹ̀, kí a sì fi ọkọ́ àti ẹrù wúwo sílẹ̀ ná. Ẹ má sùn sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yìn tí kò rìn a máa gan.

Bí ìrora bá kọ̀ tí kò lọ, abẹ́rẹ́ kan wà tí dókítà tó mọ̀ ọ́n ń fún ni sí ẹ̀gbẹ́ iṣan náà gan-an, tí yóò máa fi ẹ̀rọ wo ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ. Ó lè tuni lára fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dá tìmùtìmù padà sáyè rẹ̀. Kì í ṣe òun ni abẹ́rẹ́ tí oníkẹ́míìsì ń gún sí ìdí o. Ẹni tí kò mọ ibi tí iṣan wà lè gún un, kí ẹsẹ̀ sì rọ títí ayé.

Iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Kì í ṣe ohun àjèjì. Láti 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ní UCH, Ìbàdàn. Ẹni tí gbogbo ìtọ́jú kò ràn, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, ni abẹ wà fún. Ìrora ẹsẹ̀ ni ó sì ń mú kúrò ju ti ẹ̀yìn lọ.

Nítorí náà, baba, ẹ má tíì fi oko dógò. Ẹ wọkọ̀ gba Ìkọ̀lé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kí dókítà eegun yẹ̀ yín wò fínnífínní. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá sé, tàbí tí ẹ kò mọ ìgbà tí ìgbẹ́ ń bọ́, tàbí tí ìdí àti ojú ara kú bí igi, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá yín nílé. Ọjọ́ náà ni kí àwọn ọmọ sáré. Bí ó bá di pé kí oko lọ nígbà náà, kí ó lọ. Oko ṣeé rà padà. Ẹsẹ̀ kò sí lọ́jà.