Ẹ Wá Ibi Tí Omi Ti Ń Wọ Ọkọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Ra Lọ́fíńdà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Yorùbá tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí káàpẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bá rin gbingbin, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé kí wọ́n fi aṣọ ìnura fa omi rẹ̀, kí wọ́n so lọ́fíńdà mọ́ dígí, kí wọ́n sì máa wa ọkọ̀ lọ. Lójú tèmi, ìyẹn ni pé a fi ète sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ibi tí omi dúró sí lè má jẹ́ ibi tó gbà wọlé. Ó lè wọlé lókè, kó tọ ara irin, kó wá dúró lábẹ́ ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo irú omi tó jẹ́. Bó bá ní àwọ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ohun dídùn, omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ló ń jò. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bó bá mọ́ gaara, tó sì jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tan AC nìkan ló ń yọ, ó ṣeé ṣe kí ihò tí omi AC ń gbà jáde ti dí. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò ni, ìta ló ti ń wọlé. Ìgbà òtútù ńkọ́? Ẹ wo bàtà yín ná: ó lè jẹ́ yìnyín tí ẹ gbé wọlé ló yọ́.

Ewé máa ń dí ihò abẹ́ gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà wà. Bí òrùlé ọkọ̀ bá ń ṣí, àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé omi rẹ̀ lọ sílẹ̀ náà máa ń dí. Rọ́bà ilẹ̀kùn àti ti iná ẹ̀yìn sì ń gbó.

Ẹ jẹ́ kí inú ọkọ̀ gbẹ, ẹ ká káàpẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wọ́n pàúdà síbi tí ẹ fura sí. Ipa omi á hàn lára rẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kejì máa rọra da omi síta ọkọ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibì kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn kan gbogbo ibi, ẹ ò sì ní mọ èyí tó ń jò.

Ẹ má sọ pé omi lásán ni. Fóòmù abẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì ń fa omi pamọ́, ilẹ̀ ọkọ̀ á dípẹtà, àwọn wáyà abẹ́ àga, títí kan ti airbag, á sì bàjẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a lò níhìn-ín ló ń gba Kùtọnu tàbí Èkó wọlé. Tòkunbọ̀ là ń pè wọ́n, orúkọ tí àwọn kan nínú yín ń jẹ́. Ọkọ̀ tí àgbàrá gbé, ìwé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń sọ ọ́. Èyí tó ń jò ní tirẹ̀, kò sí ìwé tó ń sọ ọ́. Ẹnu ẹni tó ń tà á nìkan ló kù. Ẹni tó máa rà á lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá yín tó fẹ́ fi ṣe kabúkabú. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tà á, tàbí kí ẹ sọ fún un.