Kì í Ṣe Sọ́fítíwíà Ló Ba Orin Yín Jẹ́

Ní Onírèké, nílùú Ìbàdàn, níbi tí àwọn ilé àtijọ́ ti ní ọgbà gbòòrò, tí kò sì jìnnà sí ariwo Dùgbẹ̀, bọ́ìsì kọ́tà tó ti di sitúdíò kì í ṣe ohun ìyanu mọ́. Wọ́n á gbé mátírẹ́ẹ̀sì ti ògiri, wọ́n á fi kọ́tìnì tó nípọn bo fèrèsé, wọ́n á gbé gbohùngbohùn síwájú wọ́dúróòbù, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó wà lórí tábìlì kò ju láàpútọ́ọ̀pù kan, íápíìsì kan àti FL Studio, tí àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà ṣì ń pè ní Fruity Loops. Orin á parí, wọ́n á gbé e jáde. Bí wọ́n bá wá fi í sínú takisí Míkírà tó ń lọ sí Challenge, tí ohùn olórin rì, tí báàsì ń gbọn ìlẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n ti mọ ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Wọ́n á ní sọ́fítíwíà ni. Wọ́n á ní Fruity Loops kì í gbé orin jáde dáadáa, pé ká ní Cubase ni, tàbí Pro Tools, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Irọ́ ni.

Àmọ́ irọ́ yìí ní ìyá tó bí i, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n. Láyé téèpù, òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ní ohùn tirẹ̀. Nígbà tí Paul McCartney wá sí sitúdíò EMI ní Wharf Road, Àpápá, ní 1973 láti gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwo-orin Band on the Run sílẹ̀, ẹ̀rọ téèpù onílà mẹ́jọ (8-track) ló bá níbẹ̀. Nígbà tó di 1979, Haruna Ishola, olórin àpàlà, ti dá sitúdíò Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, onílà mẹ́rìnlélógún. Téèpù a máa hu, tábìlì míìsì kọ̀ọ̀kan a máa fi nǹkan kún ohùn tàbí kó yọ nǹkan kúrò, bí wọ́n bá sì da téèpù kan kọ sórí òmíràn, ó dájú pé nǹkan á sọnù. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ nírú àsìkò yẹn kò ṣìwí bó bá ní sitúdíò kan dùn ju èkejì lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ jogún ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbé e wọnú kọ̀ǹpútà, níbi tí kò ti bá ohunkóhun mu mọ́.

Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni orin. Bí ó bá jẹ́ 44.1 kHz, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá gbé fader sókè, ìsọdipúpọ̀ ni sọ́fítíwíà ṣe. Bí ẹ bá da ìlù pọ̀ mọ́ ohùn, àròpọ̀ ló ṣe. Eéjì àti eéjì jẹ́ ẹẹ́rin ní Bẹ́ljíọ̀mù tí Image-Line ti ń ṣe FL Studio, ó sì jẹ́ ẹẹ́rin ní Hamburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, tí Steinberg ti ń ṣe Cubase.

Ẹni tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó dán an wò. Kó mú fáìlì WAV mẹ́rin, ìlù, báàsì, gìtá àti ohùn. Kó kó wọn sínú FL Studio láìfi plugin kankan kàn wọ́n, kó sì rí i dájú pé kò sí limiter, ohun tí ń tẹ ohùn tó bá ga jù mọ́lẹ̀, lórí máàsítà. Kó gbé àkópọ̀ wọn jáde bí WAV oní-24 bit. Kó ṣe bákan náà nínú Cubase tàbí Reaper, kí ìwọ̀n ohùn dọ́gba níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kí ohun gbogbo sì wà láàárín, láìtì sí ọ̀tún tàbí òsì. Lẹ́yìn èyí, kó ṣí Audacity, kó kó fáìlì méjèèjì sínú rẹ̀, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀. Kó mú ọ̀kan, kó lọ sí Effect, kó tẹ Invert. Iṣẹ́ Invert ni láti dojú ìgbì ohùn bolẹ̀: ibi tó ti ròkè á wálẹ̀, ibi tó ti wálẹ̀ á ròkè. Tí àwọn méjèèjì bá wá dún pọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n fi jọra á pa ara rẹ̀ rẹ́, ìyàtọ̀ wọn nìkan ni etí máa gbọ́.

Kò sí nǹkan kan tí etí máa gbọ́. Orin á ń lọ lójú kọ̀ǹpútà, sípíkà á dákẹ́. Bí wọ́n bá fi dither, ìyẹn ariwo kíún, sí i nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde, ìhuuru kan á ṣẹ́kù tó kéré débi pé kò sí etí tó lè rí i mú. (Kí ẹnikẹ́ni má fi chorus tàbí reverb ṣe ìdánwò yìí o. Òmíràn nínú wọn máa ń yí padà bó ṣe wù ú nígbàkígbà tó bá ń dún, kódà FL Studio kan náà kò ní bá ara rẹ̀ mu lẹ́ẹ̀mejì.)

Bó bá sì jẹ́ lóòótọ́ ni FL Studio ń ba orin jẹ́, ó yẹ kí Jay-Z ti gbọ́. Fruity Loops ni 9th Wonder, ọmọ North Carolina, fi lu bíìtì "Threat" tó wà nínú The Black Album ti Jay-Z ní 2003. Òun náà ni Soulja Boy fi ṣe "Crank That" tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 2007. Avicii, ọmọ Sweden, fi ṣe "Levels" ní 2011. Ètò kékeré tí wọ́n fi ń to ìlù lásán ni sọ́fítíwíà ọ̀hún nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1997, orúkọ Fruity Loops yẹn gan-an ló jẹ́ kí àwọn kan rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni títí dòní.

Kí ló wá dé tí ọmọkùnrin kan á fi búra pé òun gbé orin kan náà sínú Cubase, tó sì dún yàtọ̀? Kò purọ́, ó dún yàtọ̀ lóòótọ́. Ètò tó bá nílẹ̀ ló yàtọ̀. Bí ohùn bá wà láàárín gbùngbùn, sọ́fítíwíà kan á dín in kù ní 3 dB, òmíràn kò ní fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni ètò tí FL Studio máa ń gbé kalẹ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí iṣẹ́ tuntun máa ń ní limiter lórí máàsítà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ń sọ pé àwọn mọ "ohùn Fruity Loops" yàtọ̀, limiter tí wọn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ tún gbọ́.

Etí náà kò sì ṣeé fọkàn tán pátápátá. Bí orin kan náà bá dún lẹ́ẹ̀mejì, tí èkejì fi díẹ̀ lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, èkejì yẹn ni olúkúlùkù máa pè ní èyí tó kún, tó mọ́ gaara. Láti 1933 ni Fletcher àti Munson, ní Bell Labs, ti fi hàn pé bí ohùn bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni etí ń pàdánù báàsì ju àwọn ohùn àárín lọ. Ẹni tó fi 3 dB gbé orin sókè, tó wá ní sọ́fítíwíà tuntun òun dùn, ara rẹ̀ ló tàn jẹ.

Ẹjọ́ kejì ni ti ẹni tó ní orin dára nínú sọ́fítíwíà, àmọ́ fáìlì tó jáde kò dára. Kó kọ́kọ́ wo ohun tó fi ṣí fáìlì náà. Bí sọ́fítíwíà bá ń gba ọ̀nà ASIO, ohùn ń lọ tààrà sí káàdì ohùn. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ orin inú Windows ṣí fáìlì, ó lè kọ́kọ́ gba inú "audio enhancements" tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe láàpútọ́ọ̀pù fi síbẹ̀, èyí tí ń fi báàsì kún un, tí ń fẹ ohùn lójú. VLC tilẹ̀ gbà kí èèyàn gbé ohùn kọjá 100%. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ fa fáìlì tó jáde padà sínú sọ́fítíwíà tó bí i, kí ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀.

Tó bá ń ha lóòótọ́, mítà ti sọ tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà 32-bit float ni wọ́n fi ń ṣírò nínú sọ́fítíwíà, wọn kì í kún, nítorí náà mítà lè wọ pupa kí ohunkóhun má tíì bàjẹ́ nínú ìṣirò náà. WAV oní-16 bit tàbí 24 bit ní òpin, òpin ọ̀hún sì ni 0 dB. Ohun tó bá yọ lókè rẹ̀, wọ́n á gé e dànù. Ẹ fa máàsítà sílẹ̀ kí ẹ tó gbé orin jáde, ìhaha náà á lọ.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn náà, yàrá ló jẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bọ́ìsì kọ́tà jẹ́ yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, ìyẹn mítà 3.66 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ìgbì ohùn tó wà ní nǹkan bíi 47 Hz máa ń gùn ní ìlọ́po méjì fífẹ̀ yàrá náà gẹ́lẹ́, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ láàárín ògiri, yóò lágbára lẹ́bàá ògiri, yóò sì pòórá láàárín yàrá. Nítorí pé ìbú àti òòró yàrá dọ́gba, ìlọ́po méjì ni wàhálà náà. Báàsì 808 tí àwọn ọmọ ìwòyí kò lè ṣe kí wọ́n má fi sórin, ní sàkáání 40 sí 60 Hz ló ń rìn. Pírodúsà jókòó sáàárín yàrá, kò gbọ́ báàsì, ó fi kún un. Kò tíì gbọ́, ó tún fi kún un. Mátírẹ́ẹ̀sì tó gbé ti ògiri kò ràn án lọ́wọ́, ohùn tínrín nìkan ni fóòmù lè mu, báàsì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀la ni Míkírà yóò wá jẹ́rìí. Bí ó bá gbé àga rẹ̀ kúrò láàárín gbùngbùn, tó sì fi orin ẹlòmíràn tó mọ̀ dáadáa wé tirẹ̀ ní ìwọ̀n ohùn kan náà, ó ti rí ìdajì ojútùú láìná kọ́bọ̀.

Ti iná náà wà níbẹ̀. Ní 50 Hz ni iná Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́, ìkùn tó ń bá ohùn wọlé sórí 50 àti 100 Hz, ṣájà ló sábà ń gbé e wá. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ fi bátìrì gba ohùn sílẹ̀.

Bí ohùn olórin bá dún ketekete nínú íápíìsì, tó wá di àwátì lórí sípíkà Bluetooth kékeré, plugin tó ń fẹ ohùn sọ́tùn-ún sósì ni kí ẹ bi. Sípíkà onímónò máa ń da ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì. Bí plugin bá ti dojú ìhà kan bolẹ̀ sí èkejì, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, bí Invert ṣe ṣe é nínú Audacity. Bí ìparí orin bá gé lójijì, ẹ wo fèrèsé ìgbéjáde FL Studio: "Cut remainder" ló wà níbẹ̀, ẹ yí i sí "Leave remainder". Bí ó bá jẹ́ pé ìlù kan ṣoṣo ló jáde, ẹ ti fi í sí Pattern dípò Song. Bí ohùn bá tínrín, tí orin ìṣẹ́jú mẹ́ta sì parí ní ìṣẹ́jú àáyá 165, fáìlì 44.1 kHz ni ẹ̀rọ kan ń kà bí 48. Kò sí èyí tí wọ́n kò lè tún ṣe lójú ẹsẹ̀.

Ó ku ti ariwo. Spotify dé Nàìjíríà ní oṣù kejì 2021, ìwọ̀n tó sì ń fi orin sí ni -14 LUFS (òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń dún sókè tó). Ẹni tó bá tẹ orin rẹ̀ títí tó fi dé -7, Spotify á fi 7 dB rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àmọ́ kò ní tún èyí tó ti fọ́ ṣe. Ní 2008, ẹgbẹ́ olórin Metallica gbé àwo-orin Death Magnetic jáde, àwọn olólùfẹ́ wọn fúnra wọn kọ̀wé ẹ̀hónú pé ohùn rẹ̀ ti fọ́, nítorí wọ́n gbọ́ orin kan náà nínú eré kọ̀ǹpútà Guitar Hero tó sì mọ́ jù ú lọ. Ted Jensen tó ṣe máàsítà rẹ̀ sọ pé bó ṣe dé ọ̀dọ̀ òun nìyẹn, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pa nínú míìsì. Owó kò wọ́n Metallica láti ra sọ́fítíwíà tó wù wọ́n.

Ẹ má jẹ́ ká fi irọ́ gba irọ́ o. Plugin tó bá sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan wá yàtọ̀ síra, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fa ohùn gùn láìyí bó ṣe ga sí padà yàtọ̀, èyí tí wọ́n fi ń yí 48 sí 44.1 náà yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn Cubase nítorí bó ṣe ń to iṣẹ́, kó lò ó. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun lè kàn gbé orin yín gba inú sọ́fítíwíà òun, pé ó á "mọ́" jù, ẹ ní kó ṣí Audacity kó ṣe ìdánwò Invert lójú yín kí ẹ tó fún un ní náírà kan. Ọ̀fẹ́ ni Audacity.