Àtẹ̀jáde Ìpàdé Àwọn Káfíńtà àti Birikìlà Etí Omi: Ẹ Pè Wá Kí Ẹ Tó Yàwòrán Ilé

Àwa káfíńtà, birikìlà, àwọn tó ń dirin àti àwọn tó ń kan páànù, tí iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sà Èkó títí dé etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jókòó ìpàdé. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti ilé tí ìjọba, àwọn àjọ olóore àti àwọn oníṣòwò ń kọ́ fún ìlú kéékèèké tó wà lórí omi àti létí omi: ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ọjà, gbọ̀ngàn ìlú. Ilé àdáni kò sí nínú rẹ̀.

Ìpàdé rí i pé àwọn ilé yìí kì í pẹ́ bàjẹ́, àìtówó nìkan kọ́ ló sì ń fà á. Wọ́n á ti yàwòrán tán, wọ́n á ti buwọ́ lùwé, kí ẹnikẹ́ni tó bi ará ìlú léèrè ibi tí omi máa ń dé lóṣù Kẹwàá. Nígbà tí iṣẹ́ bá wá kàn wá, apá wa ni wọ́n ń yá, wọn kì í béèrè ohun tí ojú wa ti rí.

Ọ̀rọ̀ Makoko, àdúgbò orí omi ní Èkó, ló gba àsìkò jù. Ní 2013, ilé ẹ̀kọ́ kan tó léfòó lórí omi parí fún ọmọ àwọn Ègùn apẹja tó wà níbẹ̀. Kúnlé Adéyẹmí ló yàwòrán rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ àdúgbò sì wà lára àwọn tó kàn án. Alájà mẹ́ta ni, pákó àti ọparun ni wọ́n fi ṣe é, dúrọ́ọ̀mù oníke 256 ló gbé e dúró. Aráyé wá wò ó. Ní oṣù Karùn-ún 2016, ẹ̀dà rẹ̀ kejì tí wọ́n kàn sí ìpàtẹ ilé kíkọ́ ní Venice gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún náà, òjò ńlá wó ti Makoko. A dúpẹ́ pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ṣáájú.

Àwọn kan lára wa ní àwòrán ilé náà ni kò dáa. Ọ̀pọ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìpàdé dálẹ̀. Ibi tí a fàbọ̀ sí ni pé, ta ni yóò mọlé, ta ni yóò yàwòrán, kì í ṣe òun nìkan ni ìbéèrè; ta ni yóò máa tún un ṣe, owó ta ni wọn yóò sì fi tún un ṣe? Apẹja Ègùn kì í ra ọkọ̀ kó má tún ìdí rẹ̀ dí títí yóò fi rì. Ilé pákó lórí omi ò yàtọ̀ sí ọkọ̀ náà. Bóòtù ń tú, okùn ń gé, pákó ń rà, kò sì síbi tí wọ́n kọ owó àtúnṣe sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ tí a ti rí. Nítorí náà, láti ìsinsìnyí, ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ilé ìlú lórí omi àyàfi tí ìwé iṣẹ́ náà bá dárúkọ owó àtúnṣe ọdún márùn-ún, tó sì fi ọmọ ìlú kan, tí a máa kọ́ níṣẹ́, ṣe alábòójútó ilé náà.

Ti ọjà ńkọ́? Ní ìlú kan létí ọ̀sà, tí a ò ní dárúkọ, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn irin fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja. Bẹ́ẹ̀, ẹja yíyan niṣẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ilé ààrò tí òrùlé rẹ̀ ga tí èéfín á fi rọ́nà jáde, ilẹ̀ tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi ẹja lè ṣàn lọ, àti èbúté tí ọkọ̀ lè sún mọ́. Títí di òní, ìta gbangba ni wọ́n ti ń yan ẹja, òjò ń pa iná wọn. Iyọ̀ ti jẹ ilẹ̀kùn àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n ṣí wọn ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì àwọn tó kọ́ wọn. Ká ní wọ́n bi ìyá kan ṣoṣo léèrè ni!

Lórí ohun èlò, a tún un sọ fún ara wa. Ẹni tó bá fi omi òkun po sìmẹ́ńtì, tàbí tó kó yanrìn etíkun láìfi omi tútù fọ̀ ọ́, ìpẹtà ló rì mọ́ inú òpó yẹn. Irin á wú, kọnkéré á ya kúrò lára rẹ̀. Kọnkéré tó bo irin kò gbọdọ̀ dín ní ínṣì méjì. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ 32.5 sí lára àpò rẹ̀, rírẹ́ ògiri ni kí ẹ fi ṣe, 42.5 ni ti òpó, bíìmù àti búlọ́ọ̀kù, SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, sì ti là á sílẹ̀ láti 2014. Páànù alumíníọ́ọ̀mù ni kí ẹ kàn létí òkun.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe ń fi iye owó ìgboro gbé iṣẹ́ omi fún wa. Ní oṣù Kejì 2024, nígbà tí sìmẹ́ńtì gbówó lórí, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000 lápò kan. Iye yẹn kò sọdá omi dé ọ̀dọ̀ wa. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó alábàárù lẹ́ẹ̀mejì wà níbẹ̀, ká má tíì sọ àpò tí ìgbì ta omi sí, tó ti le gbagidi kó tó gúnlẹ̀. A fẹ́ kí owó ìkẹ́rù lójú omi dá dúró nínú gbogbo ìwé iṣẹ́.

Ní ti Ayétòrò ní etíkun Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ lọ. Birikìlà ò lè fi búlọ́ọ̀kù dá òkun dúró. Títí ìjọba yóò fi ṣe ìdènà omi tí wọ́n ti ń ṣèlérí rẹ̀ tipẹ́, ilé pákó tó ṣeé tú, tó ṣeé gbé lọ, ni ìmọ̀ràn wa níbẹ̀.

Kí a lè rí bí ilé ṣe ń rí tí ará ìlú bá lọ́wọ́ sí i, akọ̀wé ka ìtàn abúlé Gando ní Burkina Faso fún wa. Francis Kéré, ọmọ abúlé náà, ló yàwòrán ilé ẹ̀kọ́ tó parí níbẹ̀ ní 2001. Ará abúlé ló ru òkúta, àwọn ló fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ bíríkì, wọ́n sì gbé páànù sókè kúrò lórí àjà kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀. Ní 2022, Kéré gba ẹ̀bùn Pritzker tí wọ́n ń fún àwọn ayàwòrán ilé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́lé náà, ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀ dunjú, àmọ́ tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù agbaṣẹ́ṣe kankan lónìí.

Ìpàdé tún pinnu pé ọmọ ẹgbẹ́ tí a bá ká mọ́ ibi tó ti ń ta sìmẹ́ńtì iṣẹ́ ìlú, kò ní bá wa ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Àwọn àgbà kan ní owó ìtanràn ti tó. Ìbò ni a fi parí rẹ̀.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó yín máa bọ́ sọ́wọ́ yín tààrà. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ ilé kankan jáde fún ìlú etí omi, ẹ wọ ọkọ̀ wá, ẹ jókòó pẹ̀lú baálẹ̀, àwọn ìyálọ́jà àti àwa oníṣẹ́, kí ẹ sì mú ayàwòrán ilé dání.

Alága àti Akọ̀wé, fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.