Ẹ Má Fi Ojú Owó Nìkan Wo Páàdì Bíréèkì

Ẹni tí yóò ra rédíò a tàn án gbọ́ kó tó sanwó. Ṣùgbọ́n tó bá di páàdì bíréèkì, "Èwo ni owó rẹ̀ kéré jù?" la máa ń bi mẹkáníìkì.

Ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, tuntun wà, tòkunbọ̀ náà wà. Páàdì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, ta ló mọ̀ bóyá epo ti ta sí i, tàbí ó ti sán? Èrò tèmi ni pé tuntun ni ká rà, irú tó bá ọkọ̀ mu gan-an. Tọ̀tún tòsì ni ká pààrọ̀ pọ̀, kí ọkọ̀ má baà fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi "kì í tètè jẹ" tàn yín: èyí tó le jù a máa jẹ díìsì.

Bó bá jẹ ku mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kò bá wa ná ọjà náà.