Iṣẹ́ Ògbufọ̀ Láàrin Fóltì 5 àti Fóltì 3.3

Àwọn kan ń sọ pé nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti so wáyà pọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti pé. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ohun kan wà tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fò nínú ẹ̀kọ́ iná mànàmáná: èyí nì ni bí a ti í mú kí ẹ̀rọ tí ń lo fóltì púpọ̀ àti èyí tí ń lo fóltì díẹ̀ gbọ́ ara wọn yé, láìpa ara wọn lára.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn náà wò. Arduino Uno, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, a máa fi fóltì 5 sọ̀rọ̀. Raspberry Pi, tí ó jáde ní ọdún 2012, àti ESP32 a máa fi fóltì 3.3 sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó wà nínú èdè wọn: bẹ́ẹ̀ ni, àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Fóltì tí ó ga ni bẹ́ẹ̀ ni; èyí tí ó súnmọ́ òfo ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Kì í ṣe àgídí ni ó mú kí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ fi fóltì 5 sílẹ̀. Bí fóltì bá ti 5 wá sí 3.3, agbára tí ẹ̀rọ ń ná nígbàkígbà tí ó bá yí ọ̀rọ̀ padà a máa dín kù sí nǹkan bí 44 nínú 100. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwọn tránsísítọ̀ inú ẹ̀rọ titun kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè gba fóltì 5 mọ́ra. Nítorí náà ni ti àtijọ́ àti titun fi ní láti jọ gbé.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá kàn so wọ́n pọ̀? Bí fóltì 5 bá wọ ẹsẹ̀ Raspberry Pi, ó lè bà á jẹ́ pátápátá. Ìpadàbọ̀ rẹ̀ náà ní ewu tí kò hàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké tí ń lo fóltì 5 kò ní gbà pé a wí bẹ́ẹ̀ ni àyàfi bí fóltì náà bá tó 3.5; 3.3 kò sì tó o. Uno fúnra rẹ̀ a máa gbọ́ láti fóltì 3.0, ṣùgbọ́n àlàfo 0.3 péré ni ó kù. Wáyà gígùn tàbí ariwo iná díẹ̀ lè gbé e mì. Ẹni tí ó bá wí pé, “Ó ṣiṣẹ́ lánàá,” kò tíì fi ìdí ohunkóhun múlẹ̀.

Àtúnṣe kan wà tí owó rẹ̀ kò pọ̀: résísítọ̀ méjì, ọ̀kan 1,000 ohm, èkejì 2,000 ohm. Wọ́n a pín fóltì 5, ìdá méjì nínú mẹ́ta, èyí tí í ṣe nǹkan bí 3.3, ni yóò sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kékeré. Àwa kò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n lọ. Kò lè gbé ohùn sókè. Bí ó bá jẹ́ gbígbé sókè nìkan ni a ń fẹ́, ẹ̀yà 74HCT a máa ṣe é, nítorí fóltì 2.0 ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí wáyà I2C, níbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ tí ó sì ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, a ní láti wá ògbufọ̀ tòótọ́.

Ní ọdún 1997, Herman Schutte ti ilé-iṣẹ́ Philips kọ ìwé nípa irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀: MOSFET kan àti résísítọ̀ méjì fún wáyà kọ̀ọ̀kan. A so gate mọ́ fóltì 3.3, source mọ́ wáyà ìhà kékeré, drain mọ́ wáyà ìhà ńlá. Résísítọ̀ kọ̀ọ̀kan a sì fa wáyà tirẹ̀ sókè sí fóltì ìhà tirẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ń fa wáyà wálẹ̀, ilẹ̀kùn MOSFET a tì, ìhà kọ̀ọ̀kan a sì dúró ní gíga tirẹ̀. Bí ìhà kékeré bá fa wáyà wálẹ̀, source a di òfo nígbà tí gate wà ní 3.3, ilẹ̀kùn a ṣí, ìhà ńlá a sì tẹ̀lé e wálẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìhà ńlá ni ó kọ́kọ́ fà, diode tí ó wà nínú ara MOSFET a fa source wálẹ̀ títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí. Ọ̀rọ̀ kọjá síhìn-ín, ó kọjá sọ́hùn-ún, fóltì 5 kò sì kọjá. Irú ògbufọ̀ wo ni ó dára ju èyí lọ?

Àwọn kan yóò wí pé a ń tà á ní ọjà ní ṣíṣe tán, èé ṣe tí a ó fi da àwọn ọmọ láàmú? Òtítọ́ ni, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀kan ṣáájú, kí ó sì fi mítà wọn ìhà méjèèjì. Ní ilé-ìwé tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà fún gbogbo kíláàsì, ọjọ́ tí ọ̀kan bá jóná ni ẹ̀kọ́ gbogbo wọn dúró.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ògbufọ̀ yìí kò lè ṣiṣẹ́ bí ìhà méjèèjì kò bá ní wáyà ilẹ̀ kan náà. Nítorí èyí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó fún iná ilé tí ó jẹ́ fóltì 230. Níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni a fi ń rán iṣẹ́: nínú ẹ̀rọ tí a ń pè ní optocoupler, iná kékeré a tàn ní ìhà kan, èyí tí ń gba ìmọ́lẹ̀ a rí i ní ìhà kejì, wáyà kankan kò sì so wọ́n pọ̀. Síbẹ̀, fóltì 230 kì í ṣe ohun tí a ń fi lé ọmọdé lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí ó jóná, a lè ra òmíràn.

Àwọn baba wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń lọ ṣe olùkọ́, ẹ má ṣe fi máàkì fún iná tí ó tàn nìkan. Ẹ bi ọmọ náà pé: fóltì mélòó ni ó jáde, mélòó ni ó wọlé, ta sì ni ògbufọ̀ tí ó wà láàrin wọn?