Ẹ Má Ṣe Dá Oògùn Ọrùn Dúró Láìsọ fún Dókítà Àtọ̀gbẹ

Alàgbà Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín tó gbayì yìí, kí n fi sọ ohun tí ojú mi rí nínú ilé mi, kí n sì fi ké sí àwọn ará ìlú, àwọn oníkẹ́místì àti àwọn dókítà wa.

Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ lórí rédíò, ohun tí à ń gbọ́ ni pé kí ṣúgà má ga. Ẹ má mu mínírà, ẹ dín ẹ̀bà kù, ẹ má pa oògùn yín jẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí n tó gbọ́ ẹni tó ń kìlọ̀ pé ṣúgà tó bá já wálẹ̀ jù lè pa ènìyàn kíákíá, àti pé oògùn àìsàn mìíràn lè lọ́wọ́ sí i.

Gẹ̀gẹ̀ ti wà lọ́rùn ìyàwó mi fún ọdún pípẹ́. Ní ọdún 2016, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé e kúrò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ní kó máa lo hóró oògùn kan tó ń jẹ́ levothyroxine ní àràárọ̀ kó tó jẹun, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tó di 2019, àyẹ̀wò fi hàn pé ó tún ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì fún un ní metformin àti glibenclamide. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń lọ rí dókítà ọrùn, Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ rí dókítà àtọ̀gbẹ. Káàdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. N kò rí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bi í pé, "Màmá, oògùn wo lẹ tún ń lò lẹ́yìn èyí?"

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, oògùn ti gbówó lórí kọjá agbára wa. Ìyàwó mi wo ọrùn rẹ̀ nínú dígí, ó ní, "Bàbá, gẹ̀gẹ̀ ti lọ, kí ni mo tún ń fi èyí ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi owó rẹ̀ ra ti ṣúgà." Mo ní òótọ́ ló sọ. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ni mo fọwọ́ sí i, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Oṣù kan kọjá, a ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un nínú oòrùn. Ojú rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ ki, oorun ṣáá ni, oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́. A ní àgbà ló dé. Ṣùgbọ́n kò pa oògùn ṣúgà jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, mo pè é, kò dáhùn. Òógùn bò ó bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí, ó sì ń hanrun. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ẹnì kan ti ń gbé àgbo bọ̀ láti rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ọmọ wa ló takú pé ilé ìwòsàn la ó gbé e lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gún un níka, ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 28 mg/dl. Wọ́n ní tó bá ti kéré sí 70, ó ti rẹlẹ̀ jù nìyẹn. Wọ́n fi omi ṣúgà sí i níṣan, kò pẹ́ tó fi lajú. A ní ká máa gbé e lọ sílé, dókítà ní rárá, pé glibenclamide kì í tètè tán lára àgbàlagbà, ṣúgà náà tún lè já. Lóru ọjọ́ náà, ó tún já lóòótọ́.

Dókítà yìí ló jókòó là wá lóye. Ó ní iwájú ọ̀fun ni ẹran kékeré kan wà tó rí bíi labalábá, òun ni wọ́n ń pè ní thyroid. Ohun tó ń sun jáde ló ń mú kí gbogbo ara ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá gé e kúrò, hóró oògùn yẹn ló rọ́pò rẹ̀. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ lè ní láti pọ̀ sí i. Bó bá dá a dúró, gbogbo ara á falẹ̀, oúnjẹ á dín kù, ẹ̀dọ̀ ò ní tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, insulíìnì á sì máa pẹ́ lára. Oògùn àtọ̀gbẹ tó ṣe déédéé lánàá á wá pọ̀ jù lónìí. Oògùn ọrùn náà kì í sì í kúrò lára lẹ́ẹ̀kan; ó máa ń tó bí ọjọ́ méje kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dá a dúró fi máa rò pé kò ṣe òun ní nǹkan.

Ó tún mẹ́nu ba àwọn tí thyroid tiwọn ń ṣiṣẹ́ àṣejù, tí ọkàn wọn ń lù kì kì kì. Àìsàn yẹn máa ń lé ṣúgà sókè. Bí carbimazole bá ti ń mú un rọlẹ̀, ṣúgà náà á máa wálẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tún oògùn àtọ̀gbẹ wọn wò, ewu ń bẹ. Propranolol tí wọ́n máa ń fún irú wọn tún lè bo àmì mọ́lẹ̀: ara lè má gbọ̀n, ọkàn lè má sáré, òógùn nìkan lè jẹ́ àmì tó kù.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn méjèèjì, ẹ má dá ọ̀kankan dúró fúnra yín. Bí owó ò bá sí, ẹ sọ fún dókítà. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn yín sínú ìwé kan, ẹ máa mú un dání lọ sílé ìwòsàn àti ọ̀dọ̀ oníkẹ́místì.

Ẹ̀yin ará ilé wọn, bí ara wọn bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò wọ́n, tí wọ́n ń sọ̀sọkúsọ, ṣúgà ló lè já. Bí wọ́n bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣíbí ìtíì mẹ́rin ṣúgà mọ́ omi fún wọn, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí wọn ò bá mọ ara mọ́, ẹ má rọ ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, kì báà ṣe àgbo tàbí omi ṣúgà. Ilé ìwòsàn ni kíá.

Ẹ̀yin dókítà àti oníkẹ́místì, mo mọ̀ pé èrò pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Àmọ́ "Oògùn wo lẹ tún ń lò?" kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bi wá. Kí ìjọba náà wá nǹkan ṣe sí owó àwọn oògùn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ lò títí ọjọ́ ikú.

Ìyàwó mi ti padà sídìí oògùn ọrùn rẹ̀. Wọ́n ti gba glibenclamide lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kò bá àgbàlagbà mu. Ó ti ń lọ sọ́jà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ni ọmọ tó máa takú wà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ oníkòkó,
Ifẹ̀tẹ̀dó.